Sìgá oníbátìrì: Bí a ṣe ń mọ ẹ̀rọ tó lè pẹ́ àti bátìrì tí kò ní ṣe olówó rẹ̀ ní jàǹbá

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọkùnrin kan kú sínú ilé rẹ̀ ní ìlú St. Petersburg, ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí sìgá oníbátìrì rẹ̀ bú gbàmù. Àfọ́kù ẹ̀rọ náà wọ inú orí rẹ̀ lọ, iná sì jó ọ̀pọ̀ ibi lára rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú ikú bẹ́ẹ̀ pa ní Amẹ́ríkà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, lóṣù Kínní ọdún 2019, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 24 kan pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní Fort Worth, ìpínlẹ̀ Texas, nígbà tí tirẹ̀ bú mọ́ ọn lójú, tí irin sì gé iṣan ọrùn rẹ̀.

Kì í ṣe èéfín ló pa àwọn méjèèjì. Bátìrì ni.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà ka ìṣẹ̀lẹ̀ 195 láàárín ọdún 2009 sí 2016 níbi tí irú ẹ̀rọ yìí ti gbiná tàbí tó bú gbàmù. Nínú wọn, inú àpò aṣọ ni ẹ̀rọ náà tàbí bátìrì àfikún rẹ̀ wà nígbà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹnikẹ́ni kò fà á, ẹnikẹ́ni kò tẹ bọ́tìnì kankan.

Sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fépù, kì í ṣe àjèjì mọ́ ní ilé fàájì Èkó, Àbújá, Accra tàbí Cotonou. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fa sìgá rí pàápàá kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú fáànù tó ń gba iná pamọ́, nínú tọ́ọ̀ṣì ọdẹ, nínú páwà báǹkì àti nínú àtùpà olóòrùn tó wà lórí tábìlì àwọn ọmọléèwé.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé sìgá oníbátìrì léwu fún ìlera. Nikotíìnì inú rẹ̀ a máa di bárakú, kò sì yẹ kí ọmọdé, aboyún tàbí ẹni tí kò fa sìgá rí dán an wò. Àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ń kúrò nídìí sìgá oníná, ni ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún.

Ẹ̀rọ wo là ń sọ gan-an?

Hon Lik, apòògùn ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló ṣe irú èyí tí ayé ń lò lónìí lọ́dún 2003. Bátìrì ń gbé iná lọ sára wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lọ́ po, tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì. Kọ́ìlì gbóná, oje tí òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fà mu di ìkùukùu, ẹni tó mú un lọ́wọ́ sì fà á sínú.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń lò tán tí wọ́n ń jù nù. Kò sí ohun tó ń jẹ́ pípẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí oje bá ti tán, bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ṣì lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń jù sórí ààtàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de títà rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2025, nítorí náà àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí i rà mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ̀lé òfin. Èkejì ni èyí tí bátìrì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pátápátá, tí a ń fi wáyà bíi ti fóònù fún ní iná. Èyí sàn díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí bátìrì náà bá rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ náà kú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún ní nǹkan bí ìgbà 300 sí 500.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a lè ṣí ìdí rẹ̀, kí a yọ bátìrì, kí a fi òmíràn sí i. Òun ni ẹni tó bá ń wá ohun tó máa pẹ́ yẹ kó wò, nítorí pé ara ẹ̀rọ náà lè lo ọdún púpọ̀ nígbà tí bátìrì àti kọ́ìlì ń pààrọ̀ ara wọn. Òun náà ló sì fi ẹrù ìmọ̀ lé olówó rẹ̀ lórí: ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan bátìrì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń yàn.

Ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ àti èyí tí kò ní

Láàárín àwọn oníbátìrì àyọkúrò yìí, ìyàtọ̀ kan wà tó ju ẹwà àti orúkọ lọ. Àwọn kan ní pátákó kékeré nínú, bí irú èyí tó wà nínú fóònù, tó ń wọn iná. Bí bátìrì bá ti fẹ́ gbẹ jù, á pa ara rẹ̀. Bí kọ́ìlì bá ti bíríìjì, kò ní tan. Bí ẹ bá gbé orí bátìrì sódì, kò ní ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn kò ní pátákó kankan: páìpù irin, bọ́tìnì, bátìrì, ó tán. Ohun tí bátìrì bá lè tú jáde ni yóò tú jáde, kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀ràn nídìí iṣẹ́ yìí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀, òótọ́ sì ni pé ó lè pẹ́ ju olówó rẹ̀ lọ. Kò yẹ ẹni tí kò lè fi ìwọ̀n iná ṣe ìṣirò.

Lára ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ, ohun tó ń fi èyí tó máa pẹ́ hàn kì í ṣe ariwo tó wà lára páálí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ wò: èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ń mì lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ kan ni yóò já bọ́. Ẹ wá ihò kéékèèké tó yẹ kó wà ní ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò gbà jáde bí bátìrì bá dàrú. Láìsí ihò, ẹ̀rọ náà di àdó olóró. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ń wé ìgò oje mọ́, bóyá irin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa. Àwọn kan ní àmì IP67: 6 ìṣáájú túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọ inú rẹ̀, 7 sì túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún ẹni tó ń gbé Kánò tàbí Niamey nígbà ọyẹ́, 6 yẹn ṣe pàtàkì ju 7 lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùrà máa ń gbàgbé: ṣé kọ́ìlì rẹ̀ àti gíláàsì rẹ̀ wà lọ́jà ìlú yín? Ẹ̀rọ tó le bí òkúta tí kò ní kọ́ìlì lọ́jà kò sàn ju òkúta náà lọ.

Kí ni nọ́ńbà 18650 ń sọ?

Bátìrì tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ yìí ń jẹ́ 18650. Kì í ṣe nọ́ńbà àwo. 18 ni mìlímítà ìbú rẹ̀, 65 ni gígùn rẹ̀, òdo ìkẹyìn sì ń sọ pé ó rí róbótó bí ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni 21700, tó fẹ̀ tó mìlímítà 21, tó sì gùn tó 70. Èyí a máa gbé iná púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un nìkan ló lè wọ̀.

Ó jọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ayé mọ̀, ìjọra yẹn ló sì ń kó bá ènìyàn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò ju fóòtì kan ààbọ̀ lọ. Lítíọ́ọ̀mù tirẹ̀ jẹ́ 3.6V tàbí 3.7V, bó bá sì kún tán ó di 4.2V. Ilé-iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wá sọ́jà lọ́dún 1991. Nígbà tó di ọdún 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́ta sábà máa ń ṣáájú nọ́ńbà náà, àwọn díẹ̀ ló sì ń kà wọ́n. ICR túmọ̀ sí pé kóbáàtì ló wà nínú rẹ̀: ó ń gbé iná púpọ̀ pamọ́, àmọ́ ó tètè ń bínú bí a bá fa iná lára rẹ̀ kíákíá. IMR àti INR, tí wọ́n fi máńgánísì tàbí nìkẹ́ẹ̀lì pò, ní ìfaradà jù, àwọn ni sìgá oníbátìrì sì nílò. IFR jẹ́ ti irin àti fọ́síféètì, 3.2V ni tirẹ̀, ó sì pọ̀ nínú àtùpà olóòrùn. Ṣájà tó ń gbé iná dé 4.2V yóò rọ iná jù sínú IFR, ẹ má fi wọ́n sójú kan náà.

Kẹ́ẹ̀gì àti ẹnu rẹ̀

Ọ̀pọ̀ olùrà ló ń béèrè ohun kan ṣoṣo: “Mélòó ni mAh rẹ̀?” Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Bí bátìrì bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi, mAh ni ìwọ̀n omi tó wà nínú rẹ̀. Ámpù, tí wọ́n ń fi lẹ́tà A kọ, ni bí ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà ṣe fẹ̀ tó. Fáànù àti àtùpà kò nílò ju ẹnu tóóró lọ. Sìgá oníbátìrì ń fẹ́ kí omi púpọ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹnu ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn tó ń ṣe bátìrì kò sì lè fún wa ní méjèèjì tán: bí kẹ́ẹ̀gì bá ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ sábà máa ń kéré. Panasonic NCR18650B gba nǹkan bí 3400mAh, ṣùgbọ́n bíi 5A péré ló lè tú jáde láìdẹ́kun. Samsung 25R kò ju 2500mAh lọ, síbẹ̀ ó lè tú 20A. LG HG2 dúró sáàárín pẹ̀lú 3000mAh àti 20A. Ẹni tó bá fi ti Panasonic yẹn sínú ẹ̀rọ tó ń béèrè 20A nítorí pé mAh rẹ̀ pọ̀ ti fi ohun rere ṣe ohun búburú.

Iye ámpù tí ẹ̀rọ kan yóò fà kò ṣòroó mọ̀. Fún ẹ̀rọ tí kò ní ọpọlọ, ẹ pín 4.2V sí iye óòmù tó wà lára kọ́ìlì. Kọ́ìlì 0.5 óòmù yóò fa 8.4A, kò sí wàhálà. Kọ́ìlì 0.2 óòmù yóò fa 21A, èyí ti kọjá agbára bátìrì 20A. Fún ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ, wáàtì ni ẹ ó pín sí iye fóòtì tí bátìrì máa ń wà nígbà tó bá fẹ́ tán, bíi 3.2V. Wáàtì 60 lára bátìrì kan ṣoṣo jẹ́ 18.75A, a ó sì bù díẹ̀ lé e, nítorí pátákó inú rẹ̀ náà ń jẹ nínú iná. Bí bátìrì bá jẹ́ méjì, wọ́n á pín ẹrù náà láàárín ara wọn.

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà méjì ni àwọn olùtajà ń fi ámpù kọ. Ọ̀kan ni èyí tí bátìrì lè tú jáde títí tí yóò fi gbẹ; èkejì ni èyí tó lè tú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó gbóná. Èyí tó tóbi jù, èkejì, ni wọ́n fẹ́ràn láti tẹ̀ gàdàgbà. Ìkíní nìkan ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

9900mAh kò sí níbì kankan

Ọ̀pọ̀ jù lọ bátìrì 18650 tó dára kò kọjá nǹkan bí 3600mAh. Síbẹ̀, kò sí ọjà ẹ̀rọ kan láti Alaba ní Èkó títí dé Dantokpa ní Cotonou tí ènìyàn kò ti lè rí èyí tí wọ́n kọ 5800, 6800 tàbí 9900mAh sí lára, tí àwọ̀ ara rẹ̀ sì ń tàn yòò. Irọ́ funfun báláú ni. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti tú irú wọn, bátìrì kékeré kan ni wọ́n bá nínú, tí ìyẹ̀fun sì kún ìyókù kí ó lè wúwo díẹ̀.

Díẹ̀, nítorí kò tíì tó. Ojúlówó 18650 máa ń wúwo láàárín gíráàmù 43 sí 50. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò yóò fi ayédèrú hàn láìtú u.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ojúlówó kò pọ̀: Samsung àti LG ní Kòríà, Panasonic àti Murata ní Jàpáánù, Molicel ní Taiwan. Murata ló ra iṣẹ́ bátìrì Sony lọ́dún 2017. Ọ̀pọ̀ orúkọ yòókù jẹ́ ti àwọn tó ra bátìrì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tiwọn, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tó wù wọ́n sí i. Nínú wọn, àwọn kan ṣe é pẹ̀lú òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ láìfi bò. Lóṣù Kínní ọdún 2021, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má ra bátìrì 18650 ẹyọ kọ̀ọ̀kan rárá, nítorí pé wọ́n ṣe wọ́n láti wà nínú àkójọ tó ní pátákó ààbò, bíi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọn kò ṣe wọ́n fún títà lójú pálí. Ẹni tó bá gba ìkìlọ̀ yìí gbọ́ yóò fi ara rẹ̀ mọ ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pátápátá, kò sì ní ṣìnà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bátìrì àyọkúrò, kó mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ti di pátákó ààbò náà.

Èyí tí wọ́n tú jáde nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ńkọ́? Àwọn ọlọ́wọ́ pípé ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà àti ní Accra ń kó wọn jọ fi ṣe àtùpà àti páwà báǹkì, ọgbọ́n ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tóóró ni wọ́n ní, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Kò yẹ kí wọ́n wọ inú ẹ̀rọ tí a ń gbé sẹ́nu.

Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí bátìrì ni àmì àròpọ̀, ìdí rẹ̀ sì ni àmì àyọkúrò, ó parí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbogbo agolo bátìrì náà, láti ìdí títí dé ọrùn, jẹ́ àyọkúrò. Ohun tó yà á kúrò lọ́dọ̀ orí kò ju ọ̀rá tó bò ó àti òrùka bébà kékeré kan lọ. Bí ọ̀rá náà bá ya lọ́rùn, tí irin ẹ̀rọ sì kan ibẹ̀, iná yóò bíríìjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò náà nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kan tàbí owó ẹyọ kan ti tó láti so orí mọ́ ọrùn. Bátìrì á gbóná. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín inú rẹ̀ sí méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 130°C. Láti ibẹ̀, kẹ́míkà inú rẹ̀ á máa fi ooru bí ooru, kò sì sí bọ́tìnì tó lè dá a dúró mọ́. Àpótí ike kékeré tó ń gba bátìrì méjì ni ààbò tó rọ̀ jù lọ́wọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rá tó ya kò pọn dandan kó sọ bátìrì di àwátì: wọ́n ń ta ọ̀rá tuntun, afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ̀rọ ìgbẹrun ni wọ́n fi ń mú un lẹ̀ mọ́ ọn lára. Agolo tó bá tẹ̀ wọnú ni kò ní àtúnṣe.

Bí ẹ̀rọ bá ń lo bátìrì méjì, ọjọ́ kan náà ni kí a rà wọ́n, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n máa gba iná pọ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ pọ̀ títí ọjọ́ ìkẹyìn. Ìbejì ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá rẹ̀ ju èkejì lọ, èyí tó lágbára á máa fa aláìlera lọ síbi tí kò yẹ.

Iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ àti ooru

Ṣájà ọ̀tọ̀ tó ń dá ojú bátìrì kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó sì ń dáwọ́ dúró ní 4.2V, sàn ju kí a máa ki wáyà bọ ẹ̀rọ nídìí lójoojúmọ́. Iná ìwọ̀n 0.5A sí 1A ni kó máa fún un. Ìkánjú kì í jẹ́ kó pẹ́. Níbi tí iná ìjọba ti ń lọ tó ń bọ̀, tí ó sì ń fò sókè nígbà tó bá dé, ó sàn kí ṣájà wà lára ohun èlò tó ń mú iná dúró sójú kan. Lórí sìmẹ́ńtì tàbí táìlì ni kí ó wà, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹni kan sì wà lójúfò nínú ilé. Èyí ló nira jù ní ilẹ̀ wa, nítorí òru ni iná sábà máa ń dé.

Bátìrì tó bá ti wà nílẹ̀ títí tó fi lọ sílẹ̀ ju 2V lọ ti kú. Àwọn kan a máa fi ọgbọ́n jí i, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ ti lè yọ́, kó sì dì sí ibi tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àgbà. Inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn lọ́sàn-án kò yẹ bátìrì lítíọ́ọ̀mù kankan. Fún ẹni tó ń wọ bàálù, àpò ìfàlọ́wọ́ ni sìgá oníbátìrì àti bátìrì àfikún gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kò sì gbọdọ̀ gba iná nínú bàálù.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣìì, tàbí tó ń rú èéfín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má sì fa èéfín náà símú, oró ni. Omi púpọ̀ ni kí wọ́n máa dà sí i láti òkèèrè. Ó lè kú kó tún gbiná lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà ìta gbangba ni kó wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Èyí tó sì darúgbó láìsí jàǹbá kò yẹ kó bá pàǹtírí ilé lọ, torí pé ọkọ̀ akólẹ̀ a máa tẹ ẹrù rẹ̀ mọ́lẹ̀, bátìrì tí wọ́n tẹ̀ á sì gbiná. Ẹ fi téèpù lẹ orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tó ní iyanrìn gbígbẹ, títí ẹ ó fi rí àwọn tó ń gba àlòkù ẹ̀rọ oníná ní ìlú yín.